Ọjọ́ méje láàárín àwọn apọntí Bavaria, èmi àti Dádì

Kí a tó gbéra

Ọdún 31 ni Dádì fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìpọntí kan n'Íbàdàn, ìdí ìkòkò ni wọ́n sì wà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí wọ́n pè mí pé àwọn ń bọ̀ wá kí mi ní Frankfurt, ṣọ́ọ̀bù àti ṣọ́ọ̀ṣì ni mo rò pé màá máa mú wọn kiri. Wọ́n ní rárá. "Mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń pọn bíà. Bavaria ni mo fẹ́ fojú mi rí."

Mo mọ ohun tó wà nídìí ẹ̀. Ní 1988, ìjọba Nàìjíríà fòfin de kíkó mọ́ọ̀tì báálì (ọkà báálì tí wọ́n mú hù, tí wọ́n sì gbẹ fún bíà pípọn) wọlé láti òkè òkun, àwọn ilé ìpọntí sì ní láti yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Dádì wà lára àwọn tó sun ilé iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ òru kí ọkà bàbà tó gbà láti di bíà. Òyìnbó ará Jámánì kan tó jẹ́ ọ̀gá wọn nígbà náà tọ́ ọ wò, ó gbé ife kalẹ̀, ó ní ọtí gidi ni, ṣùgbọ́n nílùú tòun, wọn ò lè pè é ní bíà. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Dádì ò tíì gbàgbé.

Bí mo ṣe jókòó ti kọ̀ǹpútà báyìí, ojú mi pòòyì. Ìpínlẹ̀ kan ní gúúsù Jámánì ni Bavaria, ilé ìpọntí tó wà níbẹ̀ nìkan tó bí 600, abúlé míì sì wà tó ní méjì tàbí mẹ́ta. Orúkọ ni mo kọ́kọ́ ń kó jọ. Mo ti kó bí ogójì jọ kó tó yé mi pé ọjọ́ ni wàhálà, orúkọ kọ́. Àwọn Jámánì ní ohun tí wọ́n ń pè ní Ruhetag, ọjọ́ tí ilé ọtí fi ń sinmi, ilé kọ̀ọ̀kan ló sì ń yan tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kéékèèké mú Ajé tàbí Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ tí àwa ń pè ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ń tilẹ̀kùn mọ́ ajé síta!

Èèyàn kì í sì í dédé yà sí ilé ìpọntí ńlá pé kí wọ́n mú òun yí ká. Ẹ ó mú ọjọ́, ẹ ó mú wákàtí, ẹ ó sanwó sílẹ̀, ẹ ó sì yan èdè. (Ọ̀rọ̀ èdè yìí ṣì ń bọ̀.) Bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni kí ẹ wọ̀, torí ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń tutù, ó sì máa ń yọ̀. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, mi ò tiẹ̀ dá a lábàá, ẹni tó ń tọ́ ọtí wò láàárọ̀ kọ́ ló yẹ kó máa wakọ̀ lọ́sàn-án. Bayern-Ticket ni mo gbójú lé. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan ni, ó ń gbé èèyàn lórí gbogbo rélùwéè agbègbè ní Bavaria, èèyàn márùn-ún sì lè pawọ́ pọ̀ rà á. Ẹ má gbé e wọ rélùwéè ayára-bí-àṣá o. Láàárín ọ̀sẹ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ló tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹsàn-án ni mo mú. Oktoberfest, àjọ̀dún bíà ńlá ti Munich, kì í bẹ̀rẹ̀ kí oṣù náà tó dé ìdajì, tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀, owó hòtẹ́ẹ̀lì Munich di ohun tí èèyàn ń fi àánú wò. Ọ̀sẹ̀ tí mo mú yẹn náà bọ́ sí àkókò tí wọ́n ń kórè hops, òdòdó ìtàkùn tó ń mú bíà korò. Ohun tó wá pinnu gbogbo rẹ̀ ni kàlẹ́ńdà Zoigl, tí màá ṣàlàyé tí a bá débẹ̀. Ẹ̀yin tó bá fẹ́ lọ, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí, kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Ọjọ́ kìíní, Ìṣẹ́gun: Munich

A dé lọ́sàn-án, a ju ẹrù sílẹ̀, a yà wo Hofbräuhaus. Dúkù Wilhelm V ló dá ilé ìpọntí náà sílẹ̀ ní 1589. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́ ni ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ọ̀fẹ́ kankan ńbẹ̀. Àwọn afunfèrè ń fun fèrè, àwọn arìnrìn-àjò ń ya fọ́tò. Dádì wo òrùlé, wọ́n wo fèrè, wọ́n ní "Ó dáa," a jáde.

Augustiner-Keller ní òpópónà Arnulfstraße ni a lọ jókòó sí. Abẹ́ igi ni, igi ńláńlá tó bo ojú ọ̀run, Dádì sì béèrè ìdí tí igi fi pọ̀ tó báyìí nínú ọgbà ọlọ́tí. Ìtàn rẹ̀ dùn. Ní 1553, wọ́n ṣòfin pé láti 29 oṣù Kẹsàn-án sí 23 oṣù Kẹrin nìkan ni kí wọ́n máa pọn bíà, torí ooru máa ń ba ọtí jẹ́. Èyí tí wọ́n bá pọn kẹ́yìn ni wọ́n á máa mu títí ooru fi máa kọjá, wọ́n á sì tọ́jú rẹ̀ sínú àjà ilẹ̀. Kí àjà náà lè tutù, wọ́n gbin igi chestnut sórí rẹ̀, torí ewé rẹ̀ fẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ kò sì lọ jìnnà. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá mu ún lábẹ́ igi náà. Àwọn ọlọ́tí inú ìgboro figbe ta. Ní 1812, ọba wọn, Max I Joseph, parí ìjà: kí àwọn apọntí máa ta bíà níbi àjà wọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ta oúnjẹ, àyàfi búrẹ́dì. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè gbé oúnjẹ ara rẹ̀ wá títí dòní, tó bá ti jókòó sídìí tábìlì tí wọn ò tẹ́ aṣọ sí.

Àwa náà gbé tiwa wá. Mo tú mọ́ínmọ́ín eléwé sórí tábìlì, Dádì mú ìpékeré jáde láti inú àpò kóòtù wọn. Tọkọtaya arúgbó tó jókòó tì wá ń wo ewé náà títí, ni ìyàwó bá béèrè bóyá ewé yẹn náà ṣeé jẹ. A fún wọn ní mọ́ínmọ́ín kan, wọ́n gé ìdajì búrẹ́dì Breze wọn fún wa. Lítà kan gbáko ni ife ibẹ̀, Maß ni wọ́n ń pè é. Dádì ní àwọn ò mu ju ẹyọ kan lọ. Òótọ́ ni, wákàtí mẹ́ta sì ni wọ́n fi mu ún.

Bí a ṣe ń padà ni wọ́n rí pátákó bíà Spaten. Mo sọ fún wọn pé AB InBev, ilé iṣẹ́ bíà ńlá kan, ló ni Spaten àti Löwenbräu, òun náà ló sì ń darí International Breweries tó ń pọn Trophy ní Iléṣà. Wọ́n dúró. "Mọ̀lẹ́bí wa ni wọ́n nígbà náà. Kí ló dé tí wọn ò wá kí wa?"

Ọjọ́ kejì, Ọjọ́rú: Freising

Rélùwéè S1 gbé wa dé Freising, a gun òkè Weihenstephan. Ara gbólóhùn tí Dádì ti ń sọ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé ni orúkọ yìí: "Ọ̀gá mi ka ìwé ní Weihenstephan." Ibẹ̀ ni yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Munich ti ń kọ́ni níṣẹ́ bíà pípọn. Ilé ìpọntí tó wà lórí òkè náà jẹ́ ti ìjọba Bavaria. Ti àwọn mọ́ńkì ni tẹ́lẹ̀, kí ìjọba tó gba ilé àwọn mọ́ńkì lọ́wọ́ wọn ní 1803. Ọdún 1040 ni wọ́n kọ sára ohun gbogbo níbẹ̀, wọ́n ní àwọn ló dàgbà jù láyé. Àwọn onítàn ń jiyàn lórí ìwé tí wọ́n gbé ọdún náà kà, Weltenburg tí a máa lọ lọ́la sì ní tòun, 1050, ni ti mọ́ńkì tó dàgbà jù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ máa fà á.

Èdè tí mo ní ó ń bọ̀ ti dé. Mo ti tẹ Jámánì dípò Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí mo ń sanwó, ẹ̀bi tèmi ni, kì í ṣe tẹnikẹ́ni. Mo ń ṣe ògbufọ̀, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà kò sì yé èmi gan-an ní èdè kankan. Dádì gbé ọwọ́ sókè díẹ̀ pé kí n sinmi. Wọ́n ń tọ́ka, wọ́n ń sọ ọ́ fún mi ṣáájú ẹni tó ń mú wa yí ká: "Inú èyí ni wọ́n ti ń po ọkà mọ́ omi gbígbóná, kí ìyẹ̀fun inú rẹ̀ lè di ṣúgà. Inú èyí ni wọ́n ti ń sẹ́ ẹ, bí ìyá rẹ ṣe ń sẹ́ ògì. Inú èyí ni wọ́n ti máa sè é pẹ̀lú hops."

Nígbà náà ni wọ́n sọ ohun tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn rí. Báálì ní èèpo. Tí wọ́n bá ti pò ó tán, èèpo yẹn á rọ̀ sísàlẹ̀, á sì di asẹ́ fúnra rẹ̀, omi dídùn á máa ro gba inú rẹ̀ kọjá. Ìhòòhò ni ọkà bàbà wà ní tirẹ̀. Kò léèpo tó máa sẹ́ ẹ, ṣe ló máa ń dì bí àmàlà. Ó tún ń fẹ́ ooru tó ju ti báálì lọ kó tó jinná, èròjà inú rẹ̀ tó ń sọ ìyẹ̀fun di ṣúgà kò sì lágbára tó ti báálì, kí èèyàn wá ti ìta fi kún un ni. "Òru tí a fi ń bá a jà, ọmọ mi, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n."

Mo ní, "Ẹ̀yin wá fi ọkà bàbà sínú ìkòkò bàbà, sà?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹni tó ń mú wa yí ká fi dákẹ́ dúró dè wá.

Ọjọ́ kẹta, Ọjọ́bọ̀: Ingolstadt, Kelheim, Weltenburg

Ọjọ́ yìí gùn jù, mo jẹ́wọ́. Tí mo bá tún ètò rẹ̀ ṣe, ọjọ́ méjì ni màá fún un.

Láti Munich lọ sí Ingolstadt, rélùwéè gba Pfaffenhofen àti Rohrbach kọjá, ní etí Hallertau. Kò sí ibi tí oko hops ti pọ̀ lójú kan tó ibẹ̀ lágbàáyé. Àwọn òpó rẹ̀ ga tó nǹkan bíi mítà méje, ìtàkùn ń lọ́ mọ́ wáyà títí dé òkè. Oko kan ti pá pátápátá, èyí tó kàn án ṣì tutù yọ̀yọ̀. Dádì tẹ imú mọ́ fèrèsé. Ọdún 31 ni wọ́n fi lo hops, wóróbo inú báàgì ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Wọn ò rí i lóko rí.

Ní Ingolstadt, a lo wákàtí kan àti àbọ̀ péré. Ibẹ̀ ni Dúkù Wilhelm IV àti àbúrò rẹ̀ Ludwig X ti kéde òfin bíà ní 23 oṣù Kẹrin, 1516: báálì, hops àti omi nìkan ni kí wọ́n máa fi pọn ọ́n. Òfin tí wọ́n fi yọ ọkà bàbà Dádì sọ́tọ̀ nìyẹn. Mo kà á fún wọn láti orí fóònù, wọ́n ní kí n tún un kà.

"Ìwúkàrà dà?"

Kò sí níbẹ̀. Òfin náà ò dárúkọ rẹ̀.

"Wọ́n ṣe òfin bíà láìmọ ohun tó ń sọ ọ́ di bíà." Wọ́n gbé fìlà wọn wọ̀ dáadáa, a lọ wọ rélùwéè.

Kelheim tún dá kún un. Láti Saal ni èèyàn ti ń wọ bọ́ọ̀sì débẹ̀. Ilé ìpọntí Schneider wà níbẹ̀, bíà àlìkámà ni tiwọn, láti 1607 ni wọ́n sì ti ń pọn ọ́n nínú ọgbà náà. Mo ní kí ẹ dúró ná: 1516 ni wọ́n ní báálì nìkan, báwo ni àlìkámà ṣe dé 1607? Àwọn ìjòyè tó ni ìlú fúnra wọn ló fi ẹ̀tọ́ àlìkámà pa mọ́ sọ́wọ́, wọ́n ń pọn ọ́n, wọ́n ń tà á, owó sì ń wọlé. Àwọn mẹ̀kúnnù ni òfin wà fún. Ìgbà tí bíà náà ò yá lọ́jà mọ́ ni Georg Schneider rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà ní Munich, ní 1872. Inú Dádì dùn sí ìtàn yìí ju ọtí tí wọ́n gbé síwájú wọn lọ. "Àlìkámà náà ò léèpo," wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tó pàdé ará ìlú rẹ̀ ní gbọ̀ngàn kóòtù.

Ọkọ̀ ojú omi láti Kelheim gòkè odò Danube lọ sí Weltenburg, nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú ni àlọ, àbọ̀ sì jẹ́ ogún, torí omi ń tì yín padà. Àpáta funfun dúró lápá ọ̀tún àti lápá òsì títí odò fi tẹ́ẹ́rẹ́. Ilé àwọn mọ́ńkì jókòó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan-an. Bíà dúdú ni kí ẹ bèèrè. Ẹ yà wo ṣọ́ọ̀ṣì náà, iṣẹ́ àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Asam ni. Ẹ má pàdánù ọkọ̀ tó kẹ́yìn.

Regensburg la sùn. Ní ìsọdá afárá olókùúta, ilé ìpọntí Spital wà níbẹ̀, ti ilé àánú kan tó ti wà láti 1226. Owó bíà náà wà lára ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú àwọn arúgbó tó ń gbé lọ́gbà ibẹ̀. Dádì mu méjì. Wọ́n ní ìtọrẹ àánú ni.

Ọjọ́ kẹrin, Ẹtì: Windischeschenbach

Rélùwéè gba Weiden kọjá, ó já wa sí Windischeschenbach, ìlú kékeré kan ní Oberpfalz, kò jìnnà sí ààlà Czech. Ìlú fúnra rẹ̀ ló ni ilé ìpọntí. Iná igi ni wọ́n fi ń dá ìkòkò rẹ̀, àwọn ìdílé tí ẹ̀tọ́ ìpọntí wà lórí ilé wọn ló sì ń lò ó ní ìgbà-n-gbà. Tó bá kan ìdílé kan, wọ́n á se ọkà tiwọn níbẹ̀, wọ́n á da omi rẹ̀ sínú ọpọ́n pẹrẹsẹ kan kó tutù mọ́jú, wọ́n á wá gbé e lọ sínú àjà ilẹ̀ ilé tiwọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ìwúkàrà sí i. Tó bá ti gbó, wọ́n á ṣí pálọ̀ wọn fún aráyé fún ọjọ́ mélòó kan, sáà ìparí ọ̀sẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Wọ́n á tilẹ̀kùn, ilé ẹlòmíì á ṣí. Ohun tí kàlẹ́ńdà wà fún nìyẹn, ilé tó ṣí lọ́sẹ̀ yìí kò ní ṣí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Zoigl ni wọ́n ń pe ọtí náà. Inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí àmì ni orúkọ yẹn ti wá, torí ilé tó bá kàn ń gbé ìràwọ̀ igun mẹ́fà kọ́ síta, bí èèyàn ṣe ń rí màrìwò lójúbọ tó sì mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Omi, mọ́ọ̀tì àti hops ni igun mẹ́ta, iná, omi àti afẹ́fẹ́ ni mẹ́ta yòókù.

Dádì ò jẹ́ kí n parí àlàyé. "Àáró ni wọ́n ń ṣe." Bẹ́ẹ̀ ló rí gan-an: oko Lágbájá lónìí, ti Làkáṣègbè lọ́la, kò sẹ́ni tó dá ọkọ́ ro tirẹ̀ tán.

A sọdá lọ sí Neuhaus, èyí tó wà lókè odò Waldnaab tó sì jẹ́ ara ìlú kan náà. Mo rí ìràwọ̀ náà lára ògiri ilé kan tí kò yàtọ̀ sí ilé yòókù. A wọlé. Kò sí ẹni tó wá fi àga hàn wá. Ibi tí àyè bá wà lẹ máa jókòó sí, ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni tó bá wà níbẹ̀. Bíà kan ló wà, kò sí pé èwo lẹ fẹ́. Oúnjẹ wọn jẹ́ ẹran tútù tí wọ́n gé pẹlẹbẹ, wàràkàṣì àti búrẹ́dì. Owó rẹ̀ kéré débi pé mo béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ mú owó kéèṣì dání.

Àwọn bàbá mẹ́rin ló wà ní tábìlì wa. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mọ̀ pé apọntí ni Dádì, ojú iṣẹ́ kì í fara sin. Ọkàn mi gbé sókè nígbà tí ọ̀kan béèrè ohun tí wọ́n ń fi pọn tiwọn. Dádì ní ọkà bàbà. Mo túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ń rò ó. Ni èyí tó dàgbà jù bá ní kí n bi Dádì pé irú igi wo ni wọ́n fi ń dáná.

Dádì ní ẹ̀rọ onígáàsì àti dísù ni. Ohun tó dun àwọn bàbá náà nìyẹn! Ọ̀kan mirí bí ẹni tó gbọ́ òkú. Ọ̀rọ̀ ọkà tán síbẹ̀, ọ̀rọ̀ igi ló gba gbogbo alẹ́: èyí tó ń jó kíákíá, èyí tó ń rú èéfín, bó ṣe yẹ kó gbẹ tó. Dádì sọ ìtàn ìyá wọn tó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ nínú ìkòkò amọ̀, igi ayín ló ń fi dáná, kò gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé kó fi òmíì sè é. Orí gbogbo wọn ń mì. Aago mọ́kànlá kọjá kí n tó rí wọn fà dìde.

Ọjọ́ karùn-ún, Àbámẹ́ta: Nuremberg, lẹ́yìn náà Bamberg

Nuremberg ò gbà ju wákàtí mẹ́ta lọ. A wọ àwọn ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú òkúta lábẹ́ ìlú àtijọ́, níbi tí àwọn apọntí ti ń tọ́jú bíà, tí àwọn ará ìlú sì sá sí nígbà tí bọ́ǹbù ń rọ̀ nígbà ogun àgbáyé kejì. Òtútù ibẹ̀ mú. Ẹ gbé súwẹ́tà.

Bamberg ní tirẹ̀, ìlú apọntí ni. Òpópónà Obere Königstraße la dé sí, níbi tí Fässla (1649) àti Spezial (1536) ti dojú kọ ara wọn, ẹni bá jáde nínú ọ̀kan lè ṣubú sínú èkejì. Àwọn méjèèjì ní yàrá fún àlejò. Ẹ tètè gbà á.

Bíà eléèéfín la wá mu. Tí báálì bá ti hù, wọ́n ní láti gbẹ ẹ́ kó má hù jù. Láyé àtijọ́, orí iná ni wọ́n ń gbẹ ẹ́ sí, gbogbo bíà ló sì máa ń ní èéfín díẹ̀ nínú. Nígbà tí ẹ̀rọ dé tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná láìsí èéfín, ibi gbogbo pa tàtijọ́ tì, ilé ìpọntí Schlenkerla àti Spezial ò ṣíwọ́. Igi beech ni Schlenkerla ń lò. Apọntí ibẹ̀ nígbà kan tí ìrìn rẹ̀ kì í gún ni wọ́n fi sọ orúkọ ilé náà.

Mo mu ẹnu kan. Ẹja yíyan! Mo bojú wo inú ife bóyá ẹnìkan ti ju orí ẹja àrọ̀ síbẹ̀. Wọ́n máa ń sọ níbẹ̀ pé ife kẹta ló ń dùn, mi ò dúró dè é. Dádì dijú. Wọ́n ní òórùn àjà ìyá àwọn ni, níbi tí wọ́n ń kó àgbàdo irúgbìn sí lókè àdògán. Wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́ títí ife náà fi tán.

Ọjọ́ kẹfà, Àìkú: Aufseß

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé Bamberg, tí kì í fẹnu kan ọtí, fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa lọ. Aufseß kò ní tó èèyàn 1,500, ó sì ní ilé ìpọntí mẹ́rin, ìyẹn ló gbé e wọ ìwé Guinness ní 2000. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, nǹkan bíi kìlómítà 14, gba inú oko àti igbó. Wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí káàdì yín ní ilé kọ̀ọ̀kan, tó bá pé mẹ́rin, ẹ ó gba ìwé ẹ̀rí. Orúnkún Dádì gba méjì, Rothenbach àti Kathi-Bräu, ọkọ̀ ló gbé wa dé méjì tó kù. Wọ́n kọ̀ láti gba òǹtẹ̀ ti èyí tí wọn ò fẹsẹ̀ rìn dé. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Káàdì alábọ̀ọ̀dé ni wọ́n mú lọ sílé.

Ọjọ́ keje, Ajé

Mo ti ní kí ẹ ṣọ́ra fún Ọjọ́ Ajé. Èmi gan-an ni mo wá ṣubú sí i. Abúlé kan tó wà létí ojú irin ni mo fi parí ètò náà. Àkókò ìṣílẹ̀kùn ọdún tó kọjá ni mo wò. A dé ẹnu ọ̀nà, Ruhetag ló wà lára ilẹ̀kùn. Rélùwéè míì ò sí fún wákàtí kan.

Mo ti ń tọrọ àforíjì, Dádì ò gbọ́ mi. Wọ́n gbé imú sókè. "Wọ́n ń pọn nínú ilé yìí." Èmi náà wá gbọ́ òórùn rẹ̀, bí ìgbà tí ògì ń hó. Àṣé ọjọ́ tí kò sí oníbàárà ni wọ́n ń ráyè ṣiṣẹ́.

Dádì ti yí gba ẹ̀yìnkùlé. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó wọ bàtà rọ́bà, ó dúró ti ìkòkò ńlá, ó ń wo páìpù kan tí omi ń kán tó tó láti inú rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Mo kí i, mo ṣàlàyé ara wa, ó ní ká má bínú, ọjọ́ burúkú ni ọjọ́ òní, ọtí ti di mọ́ òun lọ́wọ́. Bíà àlìkámà ni, ó fi kún àlìkámà rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, omi ò sì ro mọ́.

Mi ò tíì túmọ̀ rẹ̀ tán tí Dádì fi ń bọ́ kóòtù. "Àlìkámà ò léèpo. Sọ fún un kó ti páìpù yẹn pa. Kó má fà á mọ́, bó ṣe ń fà á ló ń dì í." Mo sọ ọ́. Ọkùnrin náà wo Dádì, ó wò mí, ó tì í pa. Dádì bèèrè igi gígùn, wọ́n fi ya ọkà inú ìkòkò náà pẹ̀lẹ́, láti òkè lọ sísàlẹ̀, láì jẹ́ kó kan ìdí. Wọ́n ní kó ti omi gbígbóná gba abẹ́ wọlé, díẹ̀díẹ̀, kó gbé ọkà náà sókè. A wá dúró. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Nígbà tó ṣí páìpù náà padà, ó kọ́kọ́ dúdú, ó wá mọ́, ó sì ń ṣàn.

Ó fa bíà fún wa láti ara àgbá tútù, kò gba kọ́bọ̀. Rélùwéè wákàtí yẹn lọ, èkejì náà lọ. Ó fẹ́ mọ ibi tí Dádì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá ọkà tí kò léèpo jà, Dádì sọ ti 1988 fún un, mo ń túmọ̀, wọ́n ń fi bírò yàwòrán ìkòkò sẹ́yìn páálí tí wọ́n ń gbé ife lé. Nígbà tí wọ́n dé ìparí rẹ̀, ọkùnrin náà bèèrè pé kí ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n fi ọkà bàbà pọn yẹn.

Dádì ò dúró dè mí kí n túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n wò ó lójú, wọ́n fi Jámánì dá a lóhùn.

"Bier."